Ohun Tí Kámẹ́rà Rí Lábẹ́ Apá Bàálù

Nígbà tí mo dé láti òkè ọya, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ará àdúgbò wa ní Bẹ́yẹrunkà, n'Ìbàdàn, ń bi mí: "Báwo ni òfurufú ṣe rí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó tutù, pé ariwo rẹ̀ pọ̀, pé ènìyàn kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní mo ti di ẹyẹ, kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. N kò purọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an kò ṣeé sọ lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ayàwòrán ni mí. Ìsọ̀ mi wà nísàlẹ̀ ilé wa, níbi tí ènìyàn ti lè rí òpó gbọ̀ngàn Màpó lókè tó bá na ọrùn díẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó, àwòrán ìkómọ, àwòrán pélébé fún ìwé ìrìnnà, ohun tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án yà nìyẹn, ó sì ti sú mi. Mo máa ń ṣàdédé dìde lórí àga, máa rìn dé Ọjà'ba, máa tún padà láìra nǹkan kan. Ràfíátù ìyàwó mi, tó ń ránṣọ níwájú ìsọ̀, á gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Bàbá Wásíù, kí ló ń lé yín?"

"Kò sí nǹkan tó ń lé mi."

"Ẹ wá jókòó nígbà náà."

Mi ò lè jókòó. Lásìkò yẹn ni mo ra kámẹ́rà fíìmù kékeré kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀. Ogun abẹ́lé ti parí ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, àwọn òyìnbó mìíràn ń lọ, àwọn mìíràn ń dé. Kámẹ́rà náà kò tóbi ju Bíbélì àpò lọ. Àwòrán tó ń rìn ló ń yà, kò ní ohùn, fíìmù kọ̀ọ̀kan kì í sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tó fi máa ń tán. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ nínú yàrá dúdú mi. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ gé e, tí wọ́n ń fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ó lè di ìtàn.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ní ọ́fíìsì ní Gbági gbọ́ nípa mi. Bàálù kékeré ni wọ́n ń fi fọ́n oògùn sórí àwọn ẹyẹ tó ń jẹ oko ọkà run ní òkè ọya, títí wọ ilẹ̀ Niger lọ. Wọ́n ń fẹ́ fíìmù tí wọn yóò máa fi han àwọn ìjọba pé iṣẹ́ àwọn dára. Ọ̀gá wọn bi mí bóyá ẹ̀rù ibi gíga máa ń bà mí. Mo ní kò bà mí rí. N kò tíì fẹsẹ̀ tẹ inú bàálù rí láyé mi.

Ẹni tó dọ̀bálẹ̀

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà dá yín dúró. Eruku ni, oòrùn ni, kí n sì máa béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà pé ṣé a ti dé.

Gidan Tsamiya ni orúkọ abúlé tí wọ́n mú mi lọ, ó wà ní òdì kejì bọ́dà. Ìrọ̀lẹ́ la débẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ògiri kò yàtọ̀ síra, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ló dìde dúró tó di ilé. Èmi tí mo ti Ìbàdàn wá, níbi tí òrùlé ti ń gun orí ara wọn, mo dúró, ojú mi ń wá ohun tí yóò gbá mú, kò rí. Gbangba ni gbogbo rẹ̀.

Málàm Ísà, baálẹ̀ abúlé náà, ló gbà mí sílé. Ọkùnrin gíga ni, kì í yára sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ Hausa mọ níwọ̀n nítorí àwọn oníbàárà mi ní Sábó, ìyẹn la fi ń gbọ́ ara wa yé. Ó mú mi wọlé lọ kí ìyá rẹ̀, Inna Hàwá, arúgbó kan tó jókòó sórí ẹní. Bí mo ṣe rí ewú orí rẹ̀, mo ti wà nílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ariwo ta nínú ilé. Málàm Ísà fà mí lápá sókè bí ẹni tó yọ ènìyàn nínú iná.

"Ẹ dìde, ẹ dìde! Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún níbí."

Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ má bínú. Nílùú tiwa, bí a ṣe ń kí ìyá nìyẹn."

Inna Hàwá wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Fi í sílẹ̀. Ìyá tó bí i kọ́ ọ." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí lọ́mọ. Àwọn yòókù ń pè mí ní Mai-hótò, ayàwòrán, lédè wọn.

Ìwà wọn yà mí lẹ́nu. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe títí ọjọ́ mẹ́ta fi pé. Ní Bẹẹrẹ tiwa n'Ìbàdàn, kí o tó fo gọ́tà tán, wọ́n á ti fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́ àti ohun tó wà nínú àpò rẹ. Ìdákẹ́jẹ́ wọn ń yún mi lára. Mo fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ láìsí ẹni tó bi mí, wọ́n sì ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Fura ni wọ́n ń mu lọ́sàn-án, jéró tí wọ́n gún, tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan nínú igbá. Ṣíbí onígi kan ṣoṣo ló ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kìíní, mo dibọ́n pé mo ti yó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, èmi ni mo ń wò bóyá ṣíbí náà ti ń padà bọ̀.

Lẹ́yìn abúlé, lẹ́bàá adágún omi tí gbogbo wọn ń pọn, ni Fúlàní darandaran kan ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Béllò ni orúkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ará abúlé kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń jà lórí omi. Mo rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí mi ò lè jókòó sójú kan. Ó bu wàrà fún mi. Mo jẹ́ kí ó fi ojú wo inú kámẹ́rà. Ó wo àwọn màlúù rẹ̀ pẹ́, ó ní, "Ó sọ wọ́n di ìkókó," ó sì dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Lókè

Ará Ghana ni ọmọkùnrin tó ń wa bàálù náà, Kọfí ni wọ́n ń pè é, aláwàdà ènìyàn. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Mo gé rọ́bà inú táyà, mo fi de kámẹ́rà mi mọ́ irin tó gbé apá bàálù ró, mo sì fa wáyà kan wọ inú kí n lè máa tẹ̀ ẹ́ látibi tí mo jókòó. Kọfí wò ó, ó mi orí. "Tó bá já bọ́, mi ò ní bá ọ bẹ̀ sílẹ̀ o."

Mo bì lọ́jọ́ kìíní. Mo bì lọ́jọ́ kejì. Síbẹ̀, bí a bá ti balẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ mi á tún máa wá ọ̀nà àtipadà sókè. Ara mi tí kì í balẹ̀ nílé, òkè yẹn nìkan ló ti ń balẹ̀.

Àwọn ẹyẹ náà kò ju ẹ̀gà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí wọ́n bá ń darí bọ̀ wá sùn, wọ́n máa ń bo ojú ọ̀run bí èéfín oko tó ń jó. Orí àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà nítòsí adágún ni wọ́n ń sùn sí. Lọ́jọ́ kẹta, Kọfí rẹ ara bàálù sílẹ̀ títí mo fi rò pé a ó fẹsẹ̀ kan igi. Oògùn náà tú jáde lábẹ́ apá, funfun bí ìrì. Kọfí ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tó ń fọ́n oògùn náà, ó gbé imú bàálù sókè, oòrùn sì gbá wa lójú. Mo wo ìsàlẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan lẹ́bàá omi tó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Béllò ni.

"Ọ̀rẹ́ mi ń kí wa," mo pariwo sí Kọfí létí. Mo juwọ́ sí Béllò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ẹyẹ bo abẹ́ àwọn igi náà. Inú gbogbo abúlé dùn. Inna Hàwá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà tó gùn. Mo gbéra láàárọ̀ yẹn, mò ń kánjú láti rí ohun tí kámẹ́rà mi kó bọ̀.

Bẹ́yẹrunkà

Mo fọ fíìmù náà, mo sá a, mo sì jókòó tì í. Mo ní ẹ̀rọ ìwòran kékeré kan tí à ń fi ọwọ́ yí, gílóòbù kan ló ń tànmọ́lẹ̀ sínú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo ń yí i, mò ń gé, mò ń lẹ̀. Mo gé ibi tí bàálù ti gbọ̀n. Mo gé ojú ọ̀run tó pọ̀ jù. Mo mú àwọn ẹyẹ ṣáájú, mo fi oògùn tẹ̀ lé e, mo wá fi òkú ẹyẹ parí rẹ̀. Ó dùn ún wò. Mo pe Ràfíátù pé kó wá wò ó.

Ó wo gbogbo rẹ̀ títí dé òpin. Ó wá ní, "Ẹ dá a padà síbi omi yẹn. Kí ni èyí tó ṣì ń dà sílẹ̀?"

"Èwo?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí. Ẹ ní wọ́n ti tì í."

Mo ti wo ibẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá, ẹwà rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Mo rọra dá a padà, àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Òótọ́ ni. Gbogbo ẹnu ẹ̀rọ náà ti pa dé, àyàfi ẹyọ kan, èyí tó sún mọ́ kámẹ́rà mi jù. Ó ń tú jáde. Igi tán lábẹ́ wa, ó ń tú jáde. Omi dé, ó ń tú jáde sínú omi. Àwọn obìnrin wà létí omi pẹ̀lú ìkòkò wọn, wọ́n ń wòkè. Béllò ń sáré, ó ń fi ọ̀pá lé màlúù rẹ̀ kúrò nínú omi, ó wá yí sí wa, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè.

Kì í ṣe pé ó ń kí wa. Ó ń sọ fún wa pé kí a dáwọ́ dúró.

Mo gbé ẹ̀rọ náà, ó di Gbági. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà wò ó lórí tábìlì rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu tó bó ṣe yẹ.

"Gé ibẹ̀ yẹn kúrò," ló wí.

"Ọ̀gá, ènìyàn ń mu omi yẹn. Ẹ jẹ́ kí a ránṣẹ́ sí wọn."

"Àwọn tó wà lọ́hùn-ún á bójú tó o." Ó ti fíìmù náà sọ́dọ̀ mi. "Ìwọ, gígé niṣẹ́ tìrẹ. Gé e."

Bó ṣe sọ ọ́ ni mo fi mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo gba Bẹẹrẹ padà, mò ń rìn bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Mo ro ti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà tó lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ro ti ọwọ́ Inna Hàwá lórí mi. Nígbà tí mo délé tí mo rojọ́ fún Ràfíátù, kò gbà mí nímọ̀ràn kankan. Ó kàn mú báàgì mi wálẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sí i.

"Ṣé ẹ ó mú ata dání?" ló bi mí.

Pẹ̀lú ẹrù obì

Orí ẹrù obì ni mo jókòó sí nínú lọ́rì, mo gbé ẹ̀rọ ìwòran náà sórí itan bí ọmọ àfọwọ́gbé. Gbogbo ibi tí dírẹ́bà bá ti dúró jẹun, èmi ni mo kọ́kọ́ ń padà sórí ẹrù. Àwọn èrò bi mí bóyá òkú ni mo ń lọ sin. Mo ní n kò mọ̀.

Mo kọ́kọ́ yà sí pápá tí bàálù ń balẹ̀ sí, nítorí mo fẹ́ kí Kọfí rí i. Mo yí fíìmù náà fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wọ abẹ́ apá bàálù, ó tú síkírù ẹnu ẹ̀rọ tó ń tú jáde nínú fíìmù náà, ó sì yọ ọ́. Inú rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti là. Ó mú un lọ́wọ́, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Mo sọ fún wọn pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ti gbó," ló wí. Àwàdà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Èmi kò tún ní wa bàálù yìí mọ́. Wọ inú mọ́tò, jẹ́ kí n gbé ọ lọ."

Yàrá Málàm Ísà

Kò sẹ́ni tó gbé omi fún wa.

Nǹkan tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn. Lẹ́yìn abúlé, èéfín ń jáde níbi tí wọ́n ti ń sun òkú ewúrẹ́. Inna Hàwá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó gbìyànjú láti gbé ọwọ́ sókè nígbà tó gbọ́ ohùn mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bì, tí inú sì ti run wọ́n. Súláì, ìyàwó àbúrò Málàm Ísà, ti kú.

"A ti mú ẹni tó ṣe é," Málàm Ísà sọ fún mi.

Béllò ni wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú àká ọkà. Lọ́jọ́ ọjà ni wọn yóò fà á fún ọlọ́pàá. Mo bi Málàm Ísà bí wọ́n ṣe mọ̀ pé Béllò ni. Ó ní lọ́jọ́ kejì tí mo kúrò, gbogbo ẹran abúlé mu nínú omi, ti Béllò nìkan ni kò mu. Béllò fúnra rẹ̀ tún ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má pọn ún.

"Báwo ló ṣe mọ̀," Málàm Ísà ní, "bí kì í bá ṣe òun ló fi í síbẹ̀?"

N kò lè fi ẹnu ṣàlàyé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn wọ́n. Kọfí tú bátìrì mọ́tò rẹ̀, mo fi gílóòbù iná mọ́tò sínú ẹ̀rọ ìwòran mi, mo sì gbé e sílẹ̀ nínú yàrá Málàm Ísà. Àwọn àgbà abúlé rọ̀gbà yí i ká. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọn kò rí abúlé wọn láti òkè rí. "Àká tèmi rèé!" "Ẹ wo igi mọ́ṣáláṣí!" Wọ́n ń na ìka, wọ́n ń ti ara wọn. Bàbá kan rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó pariwo orúkọ rẹ̀. Èmi àti Kọfí nìkan la mọ ohun tó ń bọ̀.

Ìrì funfun náà dé. Igi tán. Omi dé.

"Dá a padà," Málàm Ísà wí.

Mo dá a padà. Ó tún ní kí n dá a padà. Ní ìgbà kẹta, ó fi ìka kan ọkùnrin tó ń ju ọwọ́ létí omi.

"Ta nìyí?"

Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Kọfí, tí kò gbọ́ Hausa, rí ojú wọn, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n sọ fún wọn pé òun lòun wa bàálù náà, òun kò mọ̀. Mo sọ ọ́. Mo fi kún un pé èmi náà wà níbẹ̀, mo rí ọwọ́ Béllò, ìkíni ni mo rò pé ó jẹ́. Àbúrò Málàm Ísà, ọkọ Súláì, dìde, ó jáde láìwo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.

Málàm Ísà fúnra rẹ̀ ló lọ tú okùn náà. Ó sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé àwọn ti ṣẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀bẹ̀. Béllò ní òun fẹ́ wo ohun tí wọ́n wò. Mo yí i fún òun nìkan. Ó wo ara rẹ̀ tó ń sáré, tó ń la ẹnu.

"Mo ké títí ohùn mi fi lọ," ó sọ fún mi. "Níbo ni ohùn mi wà nínú rẹ̀?"

"Kò ní ohùn," mo ní. "Àwòrán nìkan ló ń mú."

Ó mi orí. Ó yíjú sí Málàm Ísà àti àwọn àgbà. "Nǹkan tiwọn kò ní etí," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo wá bá ẹ̀yin láti ilé dé ilé."

Ó lọ kó àwọn màlúù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ di ẹní àti igbá wọn sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn àgbà bá wọn rìn dé ibi tí oko tán, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń na ọwọ́. Wọn kò wẹ̀yìn. Títí tí mo fi kúrò ní Gidan Tsamiya, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n dúró sí.

Ilé

Mo fi fíìmù náà sílẹ̀ fún Málàm Ísà, pẹ̀lú ẹnu ẹ̀rọ tó là yẹn, ó sì kó wọn lọ bá àwọn aláṣẹ nílùú ńlá wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Kọfí kọ lẹ́tà sí mi pé ìjọba ti fi igi sọgbà yí adágún náà ká, wọ́n ti gbẹ́ kànga fún wọn, wọ́n sì ti lé bàálù ilé-iṣẹ́ náà kúrò nílẹ̀ wọn. Ó ní Inna Hàwá ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ kejì tí mo dé Ìbàdàn ni ọ̀gá tó wà ní Gbági ránṣẹ́ pè mí.

"Fíìmù dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ni omi."

Ó ní kí n má tún fẹsẹ̀ tẹ ọ́fíìsì òun mọ́. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ títí dòní.

Ràfíátù ń gé aṣọ lórí tábìlì nígbà tí mo ti Gbági délé. Mo wá rojọ́ Gidan Tsamiya fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mò ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ìsọ̀. Kò ní kí n jókòó. Ó bi mí bóyá Béllò dárí jì wọ́n. Mo ní kò dárí jì wọ́n.

Ó gé aṣọ náà dé òpin, ó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Àwọn tí Súláì kú mọ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n dárí jì yín?"

"N kò bi wọ́n," mo ní.

Mo rí i pé ó ń retí kí n sọ ìdí rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ n kò lè gbé ẹsẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún un: ẹ̀rù ló bà mí.